Aṣọ Afẹ́fẹ́ Màkálì

Wọ́n ti gbé òkú Mátárì lọ kí Gáyà tó dé, àmọ́ bàálù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Hẹlikọ́pítà náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àpáta lẹ́bàá abúlé Màkálì, bí ẹran tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Àwọn àpò omi tó gbé wá ti bẹ́. Omi náà ti gbẹ.

Mátárì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Òun ló máa ń gbé omi àti ìyẹ̀fun gòkè wá fún àwọn ará òkè Músándámù. Òun náà ló máa ń gbé aláìsàn wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kásábù, ìlú tó wà nísàlẹ̀ létí òkun. Kò sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ Gáyà ni láti wádìí jàǹbá bàálù fún ìjọba. Kó tó gòkè wá, Áfíráà, ìyàwó olóògbé, ti dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ọkọ mi sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ibi ọ̀fọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ mi ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ohun tó pa á."

"Màá wá a," ni Gáyà wí. Kò ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Súlàyímù, mẹkáníìkì bàálù náà, ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ nàka sí. Òun àti Mátárì ti jà ní gbangba. Àwọn tó rí jàǹbá náà sì ní ńṣe ni bàálù rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ló bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì bí òkòtó.

"Abẹ̀bẹ̀ ìrù ni kì í jẹ́ kí hẹlikọ́pítà pòòyì," ni Gáyà sọ fún un. "Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

"Èmi ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n purọ́ ni?" Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n. "Ọ̀gá, bọ́ọ̀lù la jà sí. Bọ́ọ̀lù lásán! Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mi ò lè na agbo ewúrẹ́. Ẹ lọ wo ìrù yẹn fúnra yín."

Gáyà lọ wò ó. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí ìrù kò já. Abẹ̀bẹ̀ ìrù ti fọ́, lóòótọ́, àmọ́ ó ti gé ojú àpáta jinlẹ̀ kó tó fọ́. Abẹ̀bẹ̀ tó ti kú kì í gé àpáta. Èyí ń yí títí tó fi kan ilẹ̀.

Súlàyímù ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó wá kan Kámìsì, tó di omi sínú bàálù ní Kásábù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tó sì ti gòkè wá dúró dè é.

"O di ẹrù jù fún un."

"Ó wúwo, n ò jiyàn. Àmọ́ bó ṣe máa ń gbé e náà nìyẹn, ọ̀gá. Nǹkan kan ṣoṣo ni Mátárì ń bẹ̀rù: Náṣì." Kámìsì nàka sí orí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé, ibi tí afẹ́fẹ́ tútù yẹn ti máa ń já wá. "Tí Náṣì bá ń fẹ́, kì í bà síbí. Á wo aṣọ afẹ́fẹ́ tó ń fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ hàn lórí òpó yẹn, á juwọ́ sí wa, á yí padà."

"Ṣé Náṣì ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Láàárọ̀, rárá. Àmọ́ kí Mátárì tó yọ, ó ti ṣí láwàní orí mi lọ."

Kí ló wá dé tí kò yí padà?

Gáyà tún gbọ́ ohùn tí Mátárì fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lórí rédíò. Ohùn ẹni tí oorun ń kùn kọ́. "Afẹ́fẹ́ òkun ni. Aṣọ nà gbọnrangandan. Mò ń wọlé."

Afẹ́fẹ́ òkun kẹ̀?

Orí òrùlé ilé tó kángun sí etí abúlé ni òpó aṣọ náà wà, kò sì ga. Gáyà gun òrùlé. Ó ki ọwọ́ bọ inú aṣọ náà, tó rí gbọọrọ bí ọwọ́ ẹ̀wù, ọwọ́ rẹ̀ ba igi imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹnì kan fi nà án. Okùn irun ewúrẹ́, dúdú àti funfun, so mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ti já, ìyókù rẹ̀ sì wà lára igi òrùlé lápá òkè.

"Ta ló ń ran irú okùn yìí?"

Kámìsì wo okùn náà. "Ìyá Ṣámà nìkan ló kù. Òun ló ni ilé yìí."

Ìyá àgbàlagbà náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun.

"Màmá, ta ló so aṣọ orí òrùlé yín?"

"Èmi ni." Kò tiẹ̀ ronú kó tó dáhùn. "Mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n fẹ́ kó mi lọ sí Kásábù, kí n má padà mọ́. Wọ́n ní mo ti fọ́jú, ta ló máa tọ́jú mi? Ọkọ mi sì wà nínú ilẹ̀ níbí. Mátárì ní òun fúnra òun ló máa wá gbé mi. Èmi ni mo fún un lọ́mú nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọmọ ọmú mi ni. N ò lè kọ̀ fún un lójú."

"Ẹ wá fẹ́ kó yí padà."

"Lọ́jọ́ yẹn péré, ọmọ mi. Wọ́n ní tí aṣọ bá ti fi Náṣì hàn án, á lọ. Atẹ́gùn sì dákẹ́ láàárọ̀ yẹn. Mo bá fi okùn fa ìdí aṣọ kó kọjú sí òkè, níbi tí Náṣì ti ń wá. Mo nàka sí i fún un."

Gáyà di ojú. Ìyá yìí ń fi awọ ojú rẹ̀ mọ afẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí bí aṣọ ṣe ń ṣe é.

"Màmá, aṣọ kì í nàka síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ibi tó ń lọ ló ń nà sí. Mátárì rí ìdí aṣọ lápá òkè, ó rò pé láti òkun ló ti ń fẹ́. Ó kọjú sókun kó lè pàdé rẹ̀. Náṣì wá já lù ú látẹ̀yìn. Ẹrù wúwo, eré kò sí mọ́. Abẹ̀bẹ̀ ìrù ń yí, àmọ́ kò rí afẹ́fẹ́ gidi dì mú. Bí bàálù ṣe pòòyì nìyẹn."

Ìyá Ṣámà fa ẹrù rẹ̀ mọ́ra.

"Mo gbọ́ nígbà tí Náṣì dé," ló wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní ó ti gbè mí lẹ́sẹ̀." Ó yíjú sí Gáyà. "Tí n ò bá fọwọ́ kan aṣọ yẹn ńkọ́?"

Gáyà ń ronú pé òun lè kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé afẹ́fẹ́ ni, kó sì parí síbẹ̀.

"Má sọ fún Áfíráà pé afẹ́fẹ́ ni," ni ìyá náà wí, bíi pé ó gbọ́ ohun tó ń rò. "Sọ pé èmi ni. Ọmọ mi ò sùn."

Ó ní kí Gáyà mú òun gun òrùlé. Gáyà yọ igi imọ̀ ọ̀pẹ náà kúrò, ó sì fi ọwọ́ ìyá náà lé aṣọ. Náṣì fẹ́. Aṣọ náà kún, ó sì fà gbọọrọ síhà òkun. Àwọn ìka gbígbẹ yẹn tọ̀ ọ́ láti ẹnu títí dé ìdí.

"Ó ń sá fún un ni," ni Ìyá Ṣámà wí. "Èmi rò pé ó ń nàka sí i."