Gbólóhùn Àyálò

Ìgbà kẹrin rèé tí Ayọ̀díjí fi báírò fa ìlà gba orí ìwé tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ fi wáṣẹ́ kọjá. Ó sú Wàlíyátù débi pé ó fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó fà á ya.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ tún rí níbẹ̀?"

"N kò rí ìwọ níbẹ̀ ni," Ayọ̀díjí fèsì. "Ìlà àkọ́kọ́ nínú síìfí ni ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ máa kọ́kọ́ kà. Òṣìṣẹ́ kára, olóòótọ́, ta ni kò lè kọ ọ́? Kọ Àbíjàn síbẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni Wàlíyátù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti ń bá ìyá wọn ta aṣọ kí wọ́n tó kó wálé sí Màsífà nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Gbàrà tó wọ ilé-ìwé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, ló bá ti Faransé mọ́nú bí ẹni ti ewúrẹ́ mọ́lé. Ní báyìí, iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ gààrí Alhaja Kàdíjà ní Ẹ̀jìgbò. Bí kò bá rí i gbà, ìyá wọn ti ní kó padà sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Àbíjàn, ìdánwò JÁǸBÙ tó fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ á sì wọmi.

Ó fìbínú jáde. Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tóun náà ń wá iṣẹ́ yìí, ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Yẹ̀kínì. Yẹ̀kínì ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, gbólóhùn dídùn kan ti wà nílẹ̀. Ó yí orúkọ padà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó parí. Inú Wàlíyátù dùn pé òun bọ́ lọ́wọ́ báírò Ayọ̀díjí.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Alhaja Kàdíjà tẹ́ ìwé méje sórí tábìlì. Ó ka ti Wàlíyátù: "Mo jẹ́ ọ̀dọ́ akíkanjú tó ń wá ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò ti lo ẹ̀bùn rẹ̀." Ó ka ti Bùkọ́lá, ọ̀kan náà ni. Ó mú ìkẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ṣé ẹni méje ni yín ni, àbí ẹnì kan ṣoṣo?"

Wàlíyátù kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Alhaja ní ẹni tó gbọ́ Faransé lòun ń wá, tí yóò máa bá àwọn oníbàárà òun ní Àbíjàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òun wá a títí nínú ìwé gbogbo wọn, òun kò rí i, lòun bá gba ọmọkùnrin kan tó gbọ́ ọ, tó wá láti Òṣogbo, láàárọ̀ yẹn kí wọ́n tó dé.

"Mo gbọ́ Faransé, mà," ni Wàlíyátù wí, ó sì fi Faransé ròyìn bí òun ṣe ń tajà níbẹ̀. Ó já geere lẹ́nu rẹ̀.

Alhaja wò ó tìbínú-tàánú. "Kí ló wá dé tí o fi í pamọ́ fún mi? Mo ti ṣèlérí fún ọmọ ọlọ́mọ, n kò sì lè yẹ̀ ẹ́."

Títí tó fi délé, ara rẹ̀ ló ń bínú sí. Ó gbé báírò, ó kọ ọ́ pé: "Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá ìyá mi ta aṣọ ní Àbíjàn. Mo lè fi Yorùbá àti Faransé bá oníbàárà sọ̀rọ̀ débi tí yóò fi tún padà wá." Ayọ̀díjí kà á, kò fa ìlà kankan. Ó ní àwọn á gbé e lọ wáṣẹ́ mìíràn sí Ìwó lọ́la, kí ìyá àwọn tó gba ààyè ọkọ̀ Àbíjàn sílẹ̀ fún un.

Aṣọ àyálò kì í yẹni. Bí kò bá fúnni lápá, á ṣoni. Ohun tí o ń tijú rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń wá kiri. Bí o bá fi í pamọ́, yóò gba ẹnu ọ̀nà rẹ kọjá lọ.