Ojú Mi Ló Rí I

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yìí ní irọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. N kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ògiri tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Ungwan Shanu, ní Kàdúná, di òní, obìnrin tó ń dín kósé, àkàrà àwọn Hausa, nítòsí rẹ̀ kò sì tíì kó kúrò. Ẹ lè lọ bi í. Yóò wò yín dáadáa kó tó dáhùn.

Rashidat ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Ó ní ètò kan lórí rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, fún àwa Yorùbá ìlú náà. Níbẹ̀ ló ti máa ń sọ ohun tó yẹ ká fi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe: bọ́ọ̀lù tó yẹ ká wò, orin tó yẹ ká gbọ́, ìwé tó yẹ ká kà, àti iṣẹ́ ọnà tó yẹ ká fojú ara wa rí. Ètò kékeré ni, àmọ́ láti Afaka títí dé Trikania, àwọn èèyàn kì í fẹ́ kó kọjá wọn.

Gbólóhùn kan ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Bó bá ti yin nǹkan tán, yóò dákẹ́ díẹ̀. Yóò wá sọ pé, "Ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ." Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni. Ó máa ń dúró nínú oòrùn wo bọ́ọ̀lù àdúgbò. Ó máa ń kàwé títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń bi òun léèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yìn ìwé nìkan. Bọ́ọ̀lù náà, ìlàjì ló ń wò. Gbólóhùn rẹ̀ kò yí padà.

Sátidé kan nínú ọyẹ́, ìgbéyàwó ló ti ń bọ̀ láti Ìlọrin. Láti inú mọ́tò ló ti gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ, eruku ṣì wà lára ìbòrí rẹ̀. Ó ti ní bọ́ọ̀lù. Ó ti ní orin, dàdàkúàdà kan tó gbọ́ níbi ìgbéyàwó. Ó ní ìwé tí ẹnì kan yá a. Kò ní iṣẹ́ ọnà kankan.

Ephraim ni ọmọkùnrin Kabba tó ń darí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì. Ó nawọ́ sí i pé ó kù ẹyọ kan. Rashidat la ẹnu.

"Ní Ungwan Shanu," ó wí, "ilé kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Igi dóńgóyárò wà níwájú rẹ̀. Bàbá kan ń ya àwòrán èèyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn nìkan ló ń yà. Kò sí èyí tó kọjú síni. Ẹ lọ wò wọ́n. Ojú mi ló rí i."

Kò sí ilé kankan. Ẹ̀yìn orí àwọn èrò tó wò nínú mọ́tò láti àárọ̀ ló fi hun gbogbo rẹ̀.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ débẹ̀?" Ephraim béèrè nígbà tí àwọn orin tó máa ń tẹ̀ lé e tán, tí ètò parí.

"Haba, Ephraim. Ta ló máa lọ wò ó?"

Ó ti ro ó. Àwọn tó ń gbọ́ ọ jù lọ ń gbé ní ìhà gúúsù odò. Láti ìgbà tí ìjà ẹ̀sìn ti pín ìlú sí méjì, wọn kì í sábà sọdá afárá wá sí ìhà àríwá láìnídìí. Àwọn tó wà ní àríwá yóò rò pé òpópónà mìíràn ni. Ohun tó gbójú lé nìyẹn. Ojú tì í díẹ̀, ó sì gbé e kúrò lọ́kàn.

Kò pẹ́ tí ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù rẹ̀. "Àǹtí, a dúpẹ́ o. A lọ, a rí i." Rashidat rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yìí náà mọ irọ́ pa bíi tòun. Òmíràn dé: "Iṣẹ́ ńlá ni bàbá yẹn ń ṣe. Ọ̀dà ara wọn ṣì tutù." Ó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọkùnrin kan wá bá a ní ibi iṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Rashidat. Akínladé lorúkọ mi. Trikania la ń gbé."

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ìyàwó mi lọ wo àwòrán yẹn ní Sátidé. Kò tíì dé."

Kò pariwo. Ká ní ohùn rẹ̀ tiẹ̀ le ni, ì bá sàn fún Rashidat. Ó ní Moróunkẹ́ lorúkọ ìyàwó òun. Ó ní olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti kú, kò jáde nílé mọ́. Ètò yìí ló ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ka ìwé kan. Lẹ́yìn náà ó lọ wo bọ́ọ̀lù kan, ó sì padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ó ní ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kó tó sọ ọ́, èèyàn lè tẹ̀ lé e," ni Akínladé wí. "Mo ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí n mú àdírẹ́sì wá. Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ."

Òótọ́ wà lẹ́nu Rashidat. Ó gbé e mì.

"Ẹ jẹ́ kí n mú báàgì mi," ó wí.

Nínú Ungwan Shanu, Rashidat ń ní kí ọlọ́kéké Márúwá tó gbé wọn yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì. Ó ń retí ibi tí yóò ti sọ pé òun ti ṣìnà. Lójijì ló rí igi dóńgóyárò kan níwájú. Ó ní kí kéké dúró.

Ògiri búlọ́ọ̀kù ló wà lẹ́yìn igi náà. Ó gùn, kò ní fèrèsé, kò ní ilẹ̀kùn. Akínladé gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn.

Obìnrin tó ń dín kósé nítòsí gbójú sókè. Rashidat fi Hausa bi í nípa ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

"Ba ƙofa a nan," ló fèsì. Kò sí ilẹ̀kùn níbí. Ó yí kósé rẹ̀ padà nínú òróró, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Sai ran Asabar." Àfi lọ́jọ́ Sátidé.

Akínladé gbọ́ Hausa dáadáa. Ó wo Rashidat.

Rashidat kò rí oúnjẹ jẹ títí Sátidé fi dé. Ó ti pinnu. Yóò sọ lórí afẹ́fẹ́ pé irọ́ ni, kí gbogbo ayé bú òun, kó tán. Bó ṣe jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tí Akínladé rán wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Mo wà níwájú ògiri yẹn. Mo ń gbọ́ yín."

Iná pupa tàn. Ó sọ ti bọ́ọ̀lù, ó sọ ti orin, ó sọ ti ìwé. Ó wá kan iṣẹ́ ọnà. Ó ronú nípa gbogbo etí tó ń gbọ́. Ó ronú nípa ìyá rẹ̀ tó ń gbọ́ nílé.

"Àwọn àwòrán Ungwan Shanu ṣì wà níbẹ̀," ó wí. "Ojú mi ló rí i."

Ó kórìíra ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ephraim fi orin sí i. Fóònù Rashidat tàn, Akínladé ló ń pè.

"Àǹtí. Ó ti ṣí."

"Kí ló ṣí?"

"Ilẹ̀kùn. Mo ti wọlé."

Ariwo àdúgbò dáwọ́ dúró nínú fóònù náà. Kò sí ọkọ̀, kò sí ẹyẹ. Orin tí Ephraim fi sí i nìkan ló ń gbọ́, kékeré, láti inú rédíò kan níbẹ̀.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹ̀yìn èèyàn. Wọ́n pọ̀. Moróunkẹ́ wà lára wọn. Síkáàfù rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn ló wé. Àwòrán ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò."

Orin ìparí ètò wọlé. Fóònù já.

Nígbà tí Akínladé tún pè, ó ti wà níta. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe jáde. Ó ní ògiri ti padà di ògiri. Rashidat bú sẹ́kún.

"Bọ̀dá, ẹ foríjì mí. Mi ò débẹ̀ rí. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Látọjọ́ tí ẹ ń ní kí ọlọ́kéké yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má sọ fún wọn pé irọ́ ni. Bí ẹ ò bá sọ pé ojú yín ló rí i, ilẹ̀kùn kò ní ṣí."

Bẹ́ẹ̀ ni Rashidat ṣe ń bá a lọ. Ó wá gbé e sí ìparí ètò pátápátá, kó ku orin ìparí nìkan, kí ẹnikẹ́ni mìíràn má bàa ráyè débẹ̀ kí orin tó tán. Akínladé nìkan ló ń dúró de ilẹ̀kùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń mú ìròyìn wá. Moróunkẹ́ ń yíjú. Etí rẹ̀ ti hàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti hàn. Lẹ́yìn náà kò yí mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kù," ni Akínladé wí. "Ẹ ní ojú yín ló rí i, ojú yín kò sì rí i. Ẹ wá wò ó, bóyá yóò yíjú tán. Ẹ kàn wò ó ni."

Rashidat gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ó fi lé Ephraim lọ́wọ́. Nígbà tí ètò bẹ̀rẹ̀, òun àti Akínladé ti wà lábẹ́ dóńgóyárò. Ọyẹ́ ti bo oòrùn. Obìnrin oní-kósé da eérú síná, ó kó agbada rẹ̀, ó sì lọ.

"Ojú mi ló rí i," ni ohùn Rashidat wí nínú rédíò.

Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Àwọ̀ ewé tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni, ọ̀dà rẹ̀ sì họ nísàlẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀ náà, ó họ nísàlẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Akínladé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n tẹsẹ̀ bọ ẹnu ọ̀nà. Òórùn ọ̀dà tutù kún imú Rashidat. Ibẹ̀ dákẹ́ bí inú sítúdíò ṣe máa ń dákẹ́. Ó wá gbọ́ aṣọ tó ń fi ara kan aṣọ. Ó dà bíi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Moróunkẹ́," ni Akínladé wí.

Ohùn obìnrin kan béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ṣé ẹni tó rán wa wá nìyí?"

Rashidat di ojú rẹ̀ pinpin.

"Ẹ wò ó, Àǹtí! Ẹ wò ó!"

Kò lè là á. Ó fẹ́ là á, Ọlọ́run mọ̀, kò lè là á. Ọwọ́ Akínladé bọ́ nínú tirẹ̀. Orin ìparí dún, ó sì tán. Nígbà tó lajú, búlọ́ọ̀kù ló kan imú rẹ̀, ó tutù. Òun nìkan ló wà lábẹ́ igi.

Akínladé kò tíì padà sí Trikania. Rashidat ṣì ń ṣe ètò rẹ̀. Kò jẹ́ sinmi Sátidé kan, kódà bí ibà bá dá a wó, nítorí pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí bóyá wọn yóò fẹ́ jáde. Òun fúnra rẹ̀ kò tún lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun yóò lọ.

Láìpẹ́ yìí, Ephraim fi orí sí ẹnu ọ̀nà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ilé yẹn. Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí?"

Rashidat fa ẹ̀rọ mọ́ ẹnu.

"Tan iná," ó wí.

Iná pupa tàn. Ó sọ ti bọ́ọ̀lù, ó sọ ti orin, ó sọ ti ìwé. Ó dákẹ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá sọ pé ojú òun ló rí i. Irọ́ ṣì ni.