Ẹni Tó Din Edé Pi-hsia

Mi ò mutí, mi ò sì lálàá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa ní Pingtung, níhìn-ín ní Taiwan, ó sì ṣojú mi. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Edé ni mò ń tà. Kì í ṣe edé jíjẹ o. Edé kéékèèké tó jẹ́ pé wíwò ni wọ́n wà fún, tí èèyàn ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Pi-hsia, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Edé tí àwọ̀ rẹ̀ bá pọ́n dáadáa, a máa ń dá a sí kó máa bímọ. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, a ó ṣà á kúrò. Ọdún gbọọrọ ni Pi-hsia fi ń ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀, títí tí tirẹ̀ fi pọ́n ju ti gbogbo wa lọ. Kò bímọ. Ó máa ń jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án, á máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Àìsàn kíndìnrín gbé e dé ọsíbítù. Ó fi edé rẹ̀ lé Chin-piao ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Chin-piao pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé, wọ́n ń mu ọtí ọkà bàbà, wọn ò sì rí nǹkan fi panu. Ló bá ki àwọ̀n bọ inú àpótí. Ó gbọ́n wọn tán pátápátá, ó din wọ́n nínú òróró pẹ̀lú ata àti áyù, bí àwa ṣe máa ń din edé odò. Wọ́n jẹ wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún ń rò ó fáwọn ará àdúgbò pé wọn ò tiẹ̀ dùn.

Pi-hsia dé, ó bá omi lásán. Kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Èmi ni mo wọ aṣọ ìkẹyìn fún un. Chin-piao ò tan tùràrí kan ṣoṣo níwájú fọ́tò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ni mo ń fẹ́ láyé: kí ọkùnrin yẹn jìyà ohun tó ṣe. Mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Chin-piao wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e. Yu-chen lorúkọ rẹ̀, ìyàwó tuntun. Ó rí àpótí gíláàsì tó ṣófo nílé ọkọ, ó sì fẹ́ sin edé sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un.

"Àbúrò," Chin-piao ní, "yan èyí tí kì í tètè kú fún wa. Ìyàwó mi ò sìn ín rí."

Ẹ gbọ́ o. Ojú ò tì í. Síbẹ̀, mo dáhùn jẹ́jẹ́ nítorí ọmọbìnrin náà. Mo ní kó má wo àwọn abilà funfun yẹn, pé alákẹ́jù ni wọ́n, ooru ìlú wa á pa wọ́n. Kó mú àwọn pupa, tó ń jẹ ohun tó bá rí, tí kì í bá omi jà. Kó jẹ́ kí omi pẹ́ nínú àpótí, kí ewé inú rẹ̀ ti ta gbòǹgbò, kó tó da edé kankan sí i. Yu-chen ń mi orí. Lẹ́yìn náà ló nàka sí bàsíà tó wà lẹ́yìn mi. Ibẹ̀ ni mo ń da àwọn tí mo ṣà kúrò sí, àwọn aláwọ̀ iyanrìn tí mo fi ń bọ́ ẹja.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Àǹtí?"

"Wọn ò lẹ́wà."

"Wọ́n ń wò mí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń wò. Gbogbo wọn ti kọjú sí Chin-piao. Ìkankan nínú wọn ò mira. Mo dì wọ́n sínú ọ̀rá fún un, mi ò gba nǹkan kan.

Nígbà tó yá, Yu-chen pè mí lórí fóònù. Ó ní òkú edé ń pọ̀ jù nílé. Gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sìn ín ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Edé máa ń bọ́ awọ kó tó dàgbà, awọ náà á sì dà bí òkú. Mo ní kó ka àwọn tó wà nínú omi. Ó kà wọ́n. Wọ́n pé.

"Ṣùgbọ́n Àǹtí, kì í ṣe inú omi ni mo ti ń rí awọ yìí."

Inú bàtà Chin-piao ni. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni. Ó ń jẹ ìrẹsì rírọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sè láàárọ̀, ó fa ọ̀kan yọ láàárín eyín. Edé tí mo fún wọn, àwọ̀ iyanrìn ni. Awọ tí wọ́n ń rí, pupa ni. Yu-chen ní òun ò rí irú pupa yẹn rí. Èmi ti rí i.

Chin-piao fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó ti rù. Ó ń fi ògiri ṣọ́ọ̀bù mi họ ẹ̀yìn.

"Kí lo fún wa?"

"Èyí tí kì í tètè kú. Òun lẹ ní kí n yàn."

"Mo dà wọ́n sí gọ́tà lánàá," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wọ́n ti padà."

Ó bẹ̀ mí pé kí n wá kó wọn. Mo ní èmi kì í gba ọjà padà. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ọjọ́ tí Yu-chen ní kí n máa bọ̀ kíákíá, oòrùn mú gan-an. Ilé náà dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ti kú. Ó mú mi lọ sí yàrá, ó nàka sí orí ẹní.

Awọ ló wà níbẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà, ó tutù, ó sì gùn tó èèyàn. Ó ti là láti ìpàkọ́ dé ìbàdí. Ọmọ ìka wà níbẹ̀, èékánná pé. Àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Chin-piao wà níbẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá," ni mo wí. "Awọ lásán ni."

Mi ò sọ ìyókù fún un. Edé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, rírọ̀ ló ń rọ̀. Ohunkóhun lè pa á. Ó máa ń wá ihò tó ṣókùnkùn sá sí títí ara rẹ̀ á fi le. Mo dúró, mo tẹ́tí. Lábẹ́ àtẹ̀gùn, nǹkan kan ń mí. Mímí náà lómi nínú.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àwọn onífínfín ni, wọ́n bo imú, wọ́n gbé ẹ̀rọ èéfín kọ́ apá. Ibà ẹ̀fọn ti wọ àdúgbò, wọ́n ń fín oògùn apẹ̀fọn kiri ilé. Olórí wọn ní ká kó ohun ẹlẹ́mìí jáde, pé oògùn náà kì í dá ẹja sí, áńbọ̀sì edé. Yu-chen wò mí. Èmi ni mo gbé àpótí gíláàsì náà. Gbogbo edé inú rẹ̀ ti pọ́n.

Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, mo gbọ́ ọ.

"Àbúrò."

Ohùn náà rọ̀, bí ẹni tí kò léyín. Mi ò dúró.

"Ṣé ó ku nǹkan ẹlẹ́mìí nínú ilé?" olórí àwọn onífínfín bi mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò kù."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tan ẹ̀rọ. Nígbà tí èéfín kúrò, a ò bá ẹnikẹ́ni lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kàn tutù ni. Awọ orí ẹní náà ti lọ. Àwọn ọlọ́pàá ṣì ń wá Chin-piao di òní, Yu-chen ò sì bi mí ní nǹkan kan rí. Bí onífínfín yẹn bá tún dúró síwájú mi lọ́la, tó bi mí ní ìbéèrè kan náà, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni màá sọ.