Ẹyẹ Inú Ṣòkòtò

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí Ipá-ò-tán ní jẹun alẹ́ yó, ó sì ṣàwàdà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, inú rẹ̀ ti wú, ó bì títí, ó sì kú. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ẹni tó pa á: ìyàwó rẹ̀, tí ẹyẹ kan máa ń ké lórí òrùlé rẹ̀ lóru.

Ipá-ò-tán fúnra rẹ̀, tó ń ta símẹ́ńtì, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí kókó tó dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo. Àmọ́ ta ni yóò jókòó kí àwọn oníbàárà máa wí pé ọ̀bẹ ti gé agbára bàbá? Bí obìnrin bá ti yọjú sí ìsọ̀, á gbé àpò símẹ́ńtì kọ́ èjìká, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ìrọ̀rí.

Nígbà tó yá, nǹkan bí ẹyin adìyẹ yọ lábẹ́ ikùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Bó bá dìde, á yọ. Bó bá dùbúlẹ̀, á pòórá. Ó fi ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ bò ó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló sọ fún.

"Ẹyẹ ni!" ni ìyẹn ké. "Ọ̀sán ló ń bà lé ọ lára, òru ló ń lọ sípàdé. Irú ẹ̀ gan-an ló wà lára olóògbé!"

Lóru ọjọ́ náà, ẹyẹ ké. Ipá-ò-tán fọwọ́ kan abẹ́ ikùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òógùn bò ó.

Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ dúró níwájú opó olóògbé lẹ́nu ọ̀nà.

"Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ!"

"Kí ni mo ṣe?"

"Bi ẹyẹ ẹ!"

Opó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin náà rí i bẹ́ẹ̀?"

Ipá-ò-tán wolẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ikú ju ìtìjú lọ; ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Dókítà ní kó dìde, kó wúkọ́. Ẹyẹ yọ.

"Ìpá ni. Ìfun ló ń yọ jáde. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn. Kí lẹ gbé?"

"Èmi? Mi ò gbé nǹkan kan."

Dókítà ń wò ó.

"Símẹ́ńtì... díẹ̀."

"Ipá lẹ̀ ń wá, ìpá lẹ rí. A ó tún un ṣe. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó há o. Bó bá há, inú á wú, èèyàn á máa bì, ó lè pa á."

Ẹ̀gbọ́n Ipá-ò-tán tó kú ló wá sí i lọ́kàn.

Nígbà tó délé, opó ti gbé àpótí rẹ̀ síta. Ipá-ò-tán rojọ́ ara rẹ̀ tán lójú gbogbo ilé, símẹ́ńtì, ìpá, àti ohun tó pa olóògbé, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí náà padà wọlé.

"Ẹ fi sílẹ̀!" Opó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Bó bá há mọ́ yín lára níbí, ta ni wọ́n máa ní ó pa yín?"

Ẹ̀gbọ́n obìnrin tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gbé àpótí náà rù wọlé.