Pákó tó Dí Ihò Òwìwí

Aago ṣọ́ọ̀ṣì kò dún ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyẹn ni àdúgbò fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe Bàbá Aláago, nítorí ọkùnrin náà kì í pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, òjò ìbáà rọ̀, òtútù ìbáà mú.

Ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀ tí gbogbo akọrin ń kó aṣọ fún, ló bá òkú rẹ̀ nínú yàrá tí ó ti ń lọ aṣọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, àdògán eédú tí wọ́n fi ń mú irin ìlọṣọ gbóná wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Òtútù ló lé e wọ ibẹ̀ láti gbàdúrà kí ó tó lọ lu aago. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Adìyẹ tó ń sàba ní igun yàrá náà kú pẹ̀lú, ó na ọrùn sórí ẹyin rẹ̀.

"Ikú tó pa èèyàn, tó tún pa adìyẹ lójú kan náà, ẹ má pè é ní àmúwá Ọlọ́run fún mi o." Ẹ̀gbọ́n òkú náà obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Àdúrà ni wọ́n ń pè é.

Alágbàfọ̀ kò sunkún lẹ́bàá isà òkú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Ọlọ́run tí ọkọ mi ń lu aago fún, ọwọ́ tó wà nínú ikú yìí, má jẹ̀ẹ́ kó mú un jẹ. Kí ọwọ́ náà rọ. Kí ẹni tó ni ín sì mọ ohun tó mú un rọ."

Àwọn èèyàn ṣe àmín, àmín náà sì le. Ọmọbìnrin kékeré tó dúró tì í náà ṣe àmín.

Ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ni. Ọmọ mẹ́ta tí tọkọtaya náà bí ti dàgbà, wọ́n ti lọ: ọ̀kan ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn méjì tó kù wà nílé ọkọ. Ilé wá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ṣíbí bá já bọ́, àwọn méjèèjì á jọ wojú ara wọn. Ìgbà náà ni wọ́n lọ bá pásítọ̀, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ṣì le tó láti tọ́mọ. Wọ́n mú ọmọ kan fún wọn láti ilé àwọn aláìlóbìí. Bàbá Aláago rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ńlá ti lọ, Kékeré dé." Orúkọ náà sì mọ́ ọmọ lórí.

Màmá Àdúrà kò dárí rẹ̀ jì wọ́n. Ọmọ ọmọ tirẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n mú sọ́dọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Kékeré dé náà sì ni òwìwí kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú ihò tó wà lókè ògiri yàrá ìlọṣọ.

"Ẹyẹ ti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀," ni Màmá Àdúrà wí. Ó ní àfi kí wọ́n dí ihò náà. Alágbàfọ̀ gun àpótí, ó fi òòlù kan pákó mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì dúró nísàlẹ̀, ó ń ta òróró sí ògiri, ó ń wí pé ikú ni yóò pa ẹni tó bá ṣí i. Yàrá náà kò ní fèrèsé, kí eruku má baà bà lé aṣọ funfun. Ìyá arúgbó tó kọ́ alágbàfọ̀ níṣẹ́ ti sọ nǹkan kan rí nípa irú ihò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kó rántí rẹ̀ délẹ̀.

Oṣù náà kò tíì parí tí Bàbá Aláago fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ alágbàfọ̀. Bó bá ti lọ aṣọ díẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, apá rẹ̀ á sì rọ. Bẹ́ẹ̀ ni Kékeré ń lọ aṣọ nínú yàrá kan náà lẹ́yìn ilé-ìwé, tí ó ń kọrin jáde.

"Ìyàwó," ni Màmá Àdúrà wí, "ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló kú?"

"Ọkọ mi ni."

"Ta ló ń sanra?"

Alágbàfọ̀ bu omi wọ́n aṣọ tó wà níwájú rẹ̀.

"Mo bi ọ́ o. Ta ló ń jẹ búrẹ́dì ní ìlọ́po méjì láàárọ̀?"

"Ọmọdé ni, ẹ̀gbọ́n. Ebi máa ń pa ọmọdé."

"Ebi ń pa àjẹ́ náà, ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹ èèyàn. O gbé paramọ́lẹ̀ sórí ẹní, o tún ń bu omi fún un mu."

"Ṣé kí n dá a padà síbi tí a ti mú un ni?"

"Kó sì mú un jẹ? Ìwọ lo búra lẹ́bàá isà òkú, èmi kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ ohùn Kékeré nínú yàrá ìlọṣọ. "Máa bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò." Pákó tó dí ihò náà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò là sílẹ̀ dúdú. Òwìwí náà já láti orí igi, kò dún rárá, ó bà lé ẹnu ihò. Aṣọ funfun bọ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀ sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tó ròyìn fún Màmá Àdúrà, ìyẹn kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. "Ọjọ́ mẹ́ta. Kó má jẹ, kó má mu. Tì í mọ́ yàrá tó ti ṣiṣẹ́ ibi yẹn, kó máa lọ aṣọ akọrin níbẹ̀ títí yóò fi jẹ́wọ́. Bó bá di ọ̀la, màá mú òróró wá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, alágbàfọ̀ kó eédú kún àdògán, ó finá sí i. Kò jẹ́ fọwọ́ kan pákó náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Nígbà tí Kékeré ti ilé-ìwé dé, ó mú un wọnú yàrá.

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O mọ ohun tí o ṣe."

"Ṣé ẹ máa dá mi padà ni?"

"Bí mo bá dá ọ padà, ta ni màá gba ẹ̀san ọkọ mi lára ẹ̀?"

Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì jókòó síwájú ìlẹ̀kùn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí Bàbá Aláago máa ń kọ bó bá ń fa okùn aago. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dùn mọ́ alágbàfọ̀ nínú pé ó ń gbọ̀n. Jẹ́ kó gbọ̀n, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ń fi orin ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó yá, orin dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ló jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀. Orí kò fọ́ ọ. Láti àárọ̀ tí kò ti lọ aṣọ, orí rẹ̀ fúyẹ́, apá rẹ̀ le. Ó rántí adìyẹ orí ẹyin. Ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó tó kọ́ ọ níṣẹ́ wá sí i létí, odindi lọ́tẹ̀ yìí: "Eédú ń mí bí èèyàn. Fún un níbi tí yóò mí sí. Bí kò bá rí i, èémí tìrẹ ni yóò gbà."

Ọwọ́ rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́, kò tètè rí i.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí, Kékeré wà lórí àpótí, ó ti yí pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹnu sí ihò náà bí ọmọ tó ń mu ọmú.

"Ẹ má bínú, Màmá. Bí mi ò bá ṣí i, orí máa ń fọ́ mi, èébì á máa gbé mi. Ó pẹ́ tí mo ti tú ìṣó kan. Bí mo bá ṣe tán, mo máa ń dá a padà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn á bá yín sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n kú. Mo wá ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ máa dá mi padà."

"Òwìwí yẹn ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ló ń gbé tẹ́lẹ̀, Màmá. Àwa la lé e jáde nílé."

Alágbàfọ̀ gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó mú un jáde síbi atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé, ó yí pákó sójú ihò, ó tún kó eédú sí àdògán. Bí ó ti jáde ni Màmá Àdúrà dé pẹ̀lú ìgò òróró.

"Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Ó ti jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé lọ gbọ́."

Ó yí kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Àdúrà kọ́kọ́ ró nínú ibẹ̀, ó le bí ìlẹ̀kùn irin. Nígbà tó ṣe, ohùn náà rẹlẹ̀.

"Ìyàwó, kò sí ọmọ níbí."

"Àjẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ wá a dáadáa."

Ó pẹ́ díẹ̀. "Ìyàwó, orí ń fọ́ mi."

"Ta ló ń sanra nínú yàrá yẹn, ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣílẹ̀kùn. Òòyì ń kọ́ mi."

"Bó ṣe kọ́ ọkọ mi nìyẹn. Eédú ló pa á. Ihò tí ẹ ní kí n dí ló pa á."

Màmá Àdúrà fi ìkúùkù lu ìlẹ̀kùn, kò lágbára mọ́. "Ọwọ́ ta ni òòlù wà?" ó wí. "Èmi sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ta ló kàn án?"

Alágbàfọ̀ wo ọwọ́ tó fi di kọ́kọ́rọ́ mú. Ọ̀tún ni.

Kékeré dìde láti ibi tó jókòó sí. "Màmá, ẹ ṣí i fún wọn. Bí wọ́n bá kú síbẹ̀, ta ni wọ́n tún máa pè ní àjẹ́?"

Ó ṣí i. Màmá Àdúrà rá jáde lórí orúnkún, ó bì sórí ìyẹ̀pẹ̀, ìgò òróró sì fọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Alágbàfọ̀ mú òòlù, ó tú ìṣó tó kù, ó ju pákó náà sínú iná.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ó dúró níwájú ìjọ. "Ọwọ́ tí mo gégùn-ún fún, mo ti rí i," ó wí, ó sì gbé e sókè kí gbogbo èèyàn wò ó. Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Láti ìgbà náà, bí ìjọ bá ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, òsì nìkan ni alágbàfọ̀ ń gbé. Ọ̀tún a máa so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba Kékeré láyè láti fa okùn aago. Ọmọ náà fa okùn tán, ó sáré wọlé, ó dúró tì í. Orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí orin fi parí.