Ta Ló Ní Kí Télọ̀ Gbéra?

Télọ̀ kò kí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó jẹ́ pé láti ẹnu géètì pápá bàálù wa ló ti máa ń pariwo pé, "Mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ rán ìyẹ́ yẹn dáadáa, kó má tú lọ́nà!"

Lọ́jọ́ yìí, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé igi ni mí, ó wọ inú bàálù kékeré oníjòókòó méjì tí Olùkọ́ fi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò, ó sì jókòó. Kò tíì tan ohunkóhun nínú rẹ̀. Síbẹ̀ mo gbọ́ tó ń dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti yé mi, sà."

Mo sún mọ́ ọn. "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Olùkọ́ ni." Kò wo ojú mi. "Wọ́n ní kí n gbéra."

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Télọ̀ ti dá wa bàálù láyé rẹ̀, Olùkọ́ sì dúró lórí pápá nígbà méjèèjì. Mo wo pápá yíká, n kò rí i. Mo ní bóyá orí fóònù ló ti pè é. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn: mo yà lọ́nà fún un.

Bàálù náà gbéra dáadáa. Nígbà tó ga ju orí igi lọ, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè, ó ń nà sí i. Bàálù tó bá gbé imú sókè jù, afẹ́fẹ́ á já a sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Mo kígbe, mo sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ó fẹ̀gbẹ́ kan yí, ó já lulẹ̀ lẹ́yìn pápá. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, èmi ni mo sì gbé e jáde. Kò mí mọ́.

Nílé rẹ̀, aṣọ tó gé tí kò tíì rán ṣì wà lórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán an? Ọkọ mi kì í dá nǹkan ṣe láìgbàṣẹ."

Mo ní n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ara ń fu mí sí Olùkọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ dókítà eyín lòun wà láàárọ̀ náà. "Irin wà lẹ́nu mi! Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe ẹnikẹ́ni?" Mo lọ bi dókítà náà, òótọ́ ni. Síbẹ̀ ọkàn mi kò gbà. Bí Olùkọ́ bá rẹ́rìn-ín, èmi a máa ka eyín rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin olùwádìí kan dé láti iléeṣẹ́ ìjọba. Rédíò ọ́fíìsì wa máa ń gba gbogbo ohùn tó bá ti inú bàálù wá sílẹ̀. Obìnrin náà ní kí èmi àti Olùkọ́ jókòó, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ikú Télọ̀.

Ohùn Télọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. "Kí n gbé imú rẹ̀ sókè sí i, sà? Ó mà ti ga o, sà. Ó dáa, sà." Lẹ́yìn náà, ariwo irin tó ń fọ́.

Olùkọ́ bú sẹ́kún. "Èmi kọ́. Mo fi ìyá mi búra, èmi kọ́." Ìgbà yẹn ni mo tó gbà á gbọ́.

Mo nawọ́ kí n pa rédíò náà. Olùwádìí gbá ọwọ́ mi mú. "Ẹ dúró," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ohun tó gbà sílẹ̀ ṣì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá! Gbogbo àsìkò yẹn, orí koríko ni Télọ̀ wà, tí mo fi jákẹ́ẹ̀tì mi bo ojú rẹ̀. Bàálù náà ti fọ́ túútúú, pẹ̀lú rédíò inú rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ tún jáde, ó rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Mo ti dé, sà. Rárá, sà, kò dùn mí." Ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè.

"Olùkọ́ ńkọ́, sà? Àwọn àti Mẹkáníìkì jọ jókòó ti rédíò ni. Wọ́n ń gbọ́ wa báyìí, sà."