Ìwé Tí Nọ́ọ̀sì Kò Fọwọ́ Sí

Ìbínú ni Nọ́ọ̀sì fi pàdé Kóòṣì. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ dé sí àgọ́ ìsinmi ni. Kóòṣì, tó ń kọ́ wọn ní omi wíwẹ̀, gba oògùn wọn lọ́wọ́ àwọn òbí lẹ́nu géètì, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, láìkọ orúkọ ọmọ kankan sí i.

"Ta ló ni èyí?"

"Ẹ fara balẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ wọ́n lójú."

"Ṣé ojú ni wọ́n yà sára páálí oògùn ni? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi!"

Ọkùnrin náà ò jiyàn. Ó pe gbogbo òbí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù mú oògùn ọmọ rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àti àkókò sí i. Inú Nọ́ọ̀sì rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, "adúmáradán mi" ni Kóòṣì ń pè é, obìnrin náà sì ń dáhùn.

Àfi ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n dá sí i. Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì lóbìnrin ni, òun ló ni àgọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ó fún ọmọdébìnrin kan tó ní wárápá ní oògùn rẹ̀ lójú Kóòṣì, kò sì kọ ọ́ sínú ìwé oògùn. Nọ́ọ̀sì dé, ó rí i pé ìwé ṣófo, ó tún fún un. Oorun gbé ọmọ lọ, ó di ilé ìwòsàn. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ó jí nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ti ìwé kan síwájú Nọ́ọ̀sì. "Fọwọ́ sí i pé ìwọ lo fún un lẹ́ẹ̀mejì. Àbí kí àgọ́ mi tú?"

Nọ́ọ̀sì wo Kóòṣì. Kóòṣì wolẹ̀.

"Ẹnu rẹ dà? Ṣebí ojú rẹ ni wọ́n ṣe é!"

"Àwọn ló tọ́ mi dàgbà…"

"Ó dáa. Kí wọ́n máa tọ́ ọ lọ!"

Nọ́ọ̀sì fa ìwé náà ya, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọkùnrin tó ń yá ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Lọ́jọ́ kẹrin, Kóòṣì kan ilẹ̀kùn, báàgì lọ́wọ́. Ó ti lọ sọ òótọ́ fún bàbá ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n ti lé e.

"Wọ́n ní àwọn ò ní àbúrò mọ́."

"Ṣé kí n wá pàtẹ́wọ́ fún ọ ni?"

"Rárá. Lọ́jọ́ náà ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ojo ni mí."

"Ojo paraku! Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, inú sì ń bí mi gan-an!"

"Mo mọ̀, olùfẹ́ mi."

Nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ ti àga sí i. "Inú tó ń bí mi yìí, jókòó tì í títí yóò fi rọ̀."

Kóòṣì gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó.